Màmá, Ẹ Lè Kọ̀ Ọ́!

Lẹ́tà kan tẹ̀ mí lọ́wọ́ láti ọ̀dọ̀ ìyá kan tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún 15. Ọkùnrin kan tó ní mọ́tò akérò méjì ti bá bàbá ọmọ sọ ọ́, bàbá sì ti gbà, nítorí gbèsè. Ìyá wá ń bi mí pé, "Ṣé mo lè kọ̀?"

Màmá, ẹ lè kọ̀ ọ́! Àwọn ọmọ kékeré ti kọ̀ ọ́ ṣáájú yín.

L'Ékòó, ní 2018, ọmọbìnrin mẹ́ta tí wọn ò tíì pé ogún ọdún dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀: Kudirat Abiola, Temitayo Asuni àti Susan Ubogu. (Kì í ṣe Kudirat ìyàwó M.K.O. tí wọ́n yìnbọn pa ní 1996 o. Orúkọ ló jọra, àyà náà sì jọra.) It's Never Your Fault ni wọ́n pe ẹgbẹ́ ọ̀hún, ìyẹn ni pé "ẹ̀bi tìrẹ kọ́ rárá". Wọ́n gbé ìwé ẹ̀bẹ̀ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn sì fọwọ́ sí i.

Kí ló bí wọn nínú? Ọ̀rọ̀ kan ni, nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, abala 29. Ibẹ̀ ní ẹni tó bá pé ọdún 18 ni àgbà. Ó dáa. Àfi bí wọ́n tún ṣe fi kún un pé obìnrin yòówù tó bá ti lọ́kọ, àgbà lòun náà. Háà! Lóòótọ́, ọ̀rọ̀ ẹni tó fẹ́ kọ jíjẹ́ ọmọ Nàìjíríà sílẹ̀ ni abala náà ń sọ. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 12 tí wọ́n fà lé ọkọ lọ́wọ́ lánàá, ṣé ó di àgbà láàárọ̀ yìí nìyẹn? Ní oṣù Júláì 2013, àwọn sẹ́nétọ̀ dìbò pé kí wọ́n yọ ọ́, ó kọ́kọ́ yege. Ọ̀kan nínú wọn ní ó lòdì sí ẹ̀sìn òun, wọ́n tún ìbò dì, kò pé 73 tó yẹ mọ́. Bí wọ́n ṣe fi í sílẹ̀ nìyẹn.

Ẹ má sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ àwọn ará Òkè Ọya ni. Níbí ńkọ́? Bí ọmọ iléèwé bá lóyún, ṣebí àwa la máa ń di ẹrù rẹ̀ lọ sílé ọmọkùnrin tó fún un lóyún? Ìwé parí, iṣẹ́ aṣọ rírán tó ń kọ́ parí, ó di ẹni tó ń gbé igbá tọ ìyá ọkọ lẹ́yìn lọ sọ́jà.

Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003, tí gbogbo ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá ti gbà wọlé, ní ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 kò lè ṣègbéyàwó. Nínú òfin 2003 yẹn, ẹ̀wọ̀n ọdún 5 tàbí owó ìtanràn ₦500,000, tàbí méjèèjì, ló wà fún ẹni tó fẹ́ ẹ àti ẹni tó fà á kalẹ̀. Ẹ ka èyí sétí bàbá ọmọ dáadáa.

Màmá, ẹ mú ẹlẹgbẹ́ yín méjì dání, kí ẹ lọ sí ọ́fíìsì wẹ́fíà ní káńsù yín. Ti gbèsè, ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ alájọ dá sí i. Kí ẹ sì pe ọmọ náà lálẹ́ òní, kí ẹ bá a sọ̀rọ̀, kó má baà máa rò pé òun ló ṣẹ̀.