Màlúù Tí Ó Kú Fúnra Rẹ̀ Kì í Ṣe Ẹran Ọbẹ̀

Ohun tí ó ń ṣe Àbóyadé, gbogbo Ọlọ́ya ni ó ń ṣe. Ní oṣù Júùnù ọdún 2023, ìjọba Gánà kéde pé àrùn anthrax ti bẹ́ sílẹ̀ ní agbègbè Upper East. Màlúù kú, ènìyàn sì kú. Nínú oṣù kan náà ni ìjọba Nàìjíríà kìlọ̀ pé kí àwọn ènìyàn yẹra fún pọ̀nmọ́. Nígbà tí ó di oṣù Júláì, àrùn náà ti dé ìhà Suleja. Kí ará Asawase ní Kumasi má ṣe sọ pé ọ̀nà jìn sí òun: láti òkè ni ọ̀pọ̀ màlúù tí wọ́n ń pa ní Kumasi ti ń sọ̀kalẹ̀ wá.

Kòkòrò àrùn yìí a máa sá pamọ́ sínú erùpẹ̀ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún, títí màlúù yóò fi wá jẹko níbẹ̀. Ẹran náà lè ṣubú kú lójijì, kí ẹ̀jẹ̀ dúdú tí kò dì sì máa jáde ní imú rẹ̀. Ẹni tí ó bá kun ún lè ní egbò tí ojú rẹ̀ dúdú bí èédú, tí kì í dunni. Ẹni tí ó bá jẹ ẹ́, inú ni yóò ti bá a jà. Iná ìdáná kò ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé. Pẹnisílìn lè wò ó, bí aláìsàn bá tètè dé ilé ìwòsàn.

Òfin ìlera ni pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọ̀bẹ kan irú òkú ẹran bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n ké sí dókítà ẹran, kí wọ́n sì sun ún tàbí kí wọ́n rì í mọ́lẹ̀ jìnnà. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí gbogbo ọrọ̀ rẹ̀ jẹ́ màlúù mẹ́ta, tí ọ̀kan kú lóru, kí ni yóò fi bọ́ ọmọ? Oníṣòwò kan yóò yọ́ wá pẹ̀lú owó táṣẹ́rẹ́, ẹran yóò sì dé ọjà kí ilẹ̀ tó mọ́. Òfin tí kò ní owó gbà-má-bínú nínú, òkùnkùn ni yóò lé ẹran náà sí.

Láti ọdún 1881 ni Louis Pasteur ti fi han gbogbo ayé ní Faransé pé abẹ́rẹ́ àjẹsára lè gba ẹran lọ́wọ́ àrùn yìí. Nítorí náà, ojúṣe ìjọba ni láti gún màlúù lábẹ́rẹ́ lọ́dọọdún, àti láti san owó fún ẹni tí ó bá jẹ́wọ́ òkú ẹran rẹ̀. Ojúṣe ará Asawase ni láti kọ ẹran tí wolé-wolé kò yẹ̀ wò, bí ó ti wù kí ó pọ̀ tó lówó pọ́ọ́kú.

Owó màlúù kan ṣe é san padà. Ẹ̀mí tí ó bá bọ́, ó bọ́ náà nìyẹn.