Kọ́ńdẹ́ẹ̀mù Kì í Ṣe Èlò Ọbẹ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́jọ́ Sátidé kan tí mo gbé ata lọ sọ́dọ̀ alọta àdúgbò wa n'Ìbàdàn, mo rí i tó mú agolo kan, tó ta nǹkan dúdú sí bẹ́rìn ẹ̀rọ rẹ̀.

Mo ní, "Bọ̀dá, kí lẹ̀ ń ta síbẹ̀ yẹn?"

Ó ní, "Kọ́ńdẹ́ẹ̀mù ni, mà. Ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ni mo ti ń gbà á."

Kí n tó pajú dé, ó ti ń kán tó, tó, tó, sínú ata mi!

Ṣé ẹ mọ ohun tó wà nínú ọ́ìlì tí wọ́n fà kúrò nídìí mọ́tò? Èédú ẹ́ńjìnnì wà níbẹ̀, ẹ̀bu irin wà níbẹ̀, àti èròjà tó lè fa àrùn jẹjẹrẹ. Ọbẹ̀ mà la fẹ́ sè!

Èyí tó dùn mí jù ni pé epo tiwa ni àwọn òyìnbó fi tọ́jú ẹ̀rọ tiwọn. Láti nǹkan bí ọdún 1840, epo pupa tí ọkọ̀ òkun ń kó láti etíkun wa lọ sí Liverpool, wọn ò fi ṣe ọṣẹ àti àbẹ́là nìkan, wọ́n ń fi pa ibi tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ojú irin ti ń yí. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, 1914 sí 1918, òróró lárà, kásítọ̀ ọ́ìlì tí wọ́n ń fún ọmọdé mu kí inú lè ṣí, ni wọ́n rọ sínú ẹ́ńjìnnì ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òfuurufú ogun.

Wọ́n á ní òróró ń dì mọ́ irin bí oje igi. Òótọ́ ni. Òróró ẹ̀pà ń ṣe bẹ́ẹ̀, mo ti fi ba ẹ̀rọ ìránṣọ mi jẹ́ rí. Mi ò sì ní kí ẹnikẹ́ni rọ ọ́ sínú mọ́tò o. Ṣùgbọ́n àdí kì í tètè dà bẹ́ẹ̀, bẹ́rìn ẹ̀rọ ata kì í sì í gbóná bí ẹ́ńjìnnì. Àléébù àdí ni pé ó máa ń dì nígbà ọyẹ́. Ẹ fi iná yọ́ ọ díẹ̀, ó tán. Ẹ kán an sí i láàárọ̀, ẹ tún kán an lọ́sàn-án, kí ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ ibẹ̀ lálẹ́.

Owó ńkọ́? Àdí wọ́n ju kọ́ńdẹ́ẹ̀mù lọ, mo gbà. Kí alọta fi nǹkan díẹ̀ lé owó rẹ̀, èmi á san án.

Mo ti ra ìgò àdí kan fún bọ̀dá yẹn. Ṣùgbọ́n bí mo bá tún bá agolo dúdú yẹn nídìí ẹ̀rọ, mò ń gbé ata mi padà sílé nìyẹn. Ọlọ òkúta ìyá mi ṣì wà lẹ́yìnkùlé.