Ọdún Mẹ́ta Wo Ni Ẹ Ń Wí?

Bí ọmọ bá jáde ìwé mẹ́wàá, tó ní iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni òun fẹ́ kọ́, ohun méjì ni ìdílé rẹ̀ máa ń bèèrè: èló ni, ọdún mélòó sì ni? Wọ́n á dá wọn lóhùn pé ọdún mẹ́ta ni ní ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, ọdún márùn-ún sì ni ní yunifásítì. Ìyá á gba owó àjọ, bàbá á ta ilẹ̀, wọ́n á sì máa retí ọjọ́ tí ọmọ yóò gba ìwé àṣẹ. Irọ́ ni iye ọdún tí wọ́n sọ fún wọn. Àwọn tó sọ ọ́ sì mọ̀ pé irọ́ ni.

Ẹ jẹ́ ká kà á bó ṣe yẹ. SS1 ni ìṣirò náà ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ọmọ gbọ́dọ̀ yege nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Báyọ́lọ́jì, Kẹ́mísírì àti Físíìsì, láàárín ìjókòó méjì péré. Èyí tí Físíìsì bá gbé ṣubú yóò padà lọ jókòó fún NECO tàbí WAEC mìíràn. Èsì ìdánwò JAMB kì í sì í kọjá ọdún tí a ṣe é; bí ọmọ kò bá rí ààyè wọlé, ó di kó tún un ṣe. Àwọn òbí kì í ka ọdún wọ̀nyí mọ́ ọn. Wọ́n á ní ọmọ ṣì wà nílé. Ṣé ọjọ́ orí náà ń dúró nílé ni?

Ká wá ní ó wọ yunifásítì ìjọba lọ́dún 2019. Ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ gba oṣù mẹ́sàn-án lọ́wọ́ rẹ̀ ní 2020, láti oṣù Kẹta títí di oṣù Kejìlá. Ó tún gba oṣù mẹ́jọ ní 2022, láti ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kejì sí ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹwàá. Bó bá parí, ìkọ́ṣẹ́ ọlọ́dún kan ń dúró dè é ní ilé ìwòsàn, bó bá rí ilé ìwòsàn tó máa gbà á. Lẹ́yìn èyí ni yóò tó lọ sin ìlú fún ọdún kan. Ọdún márùn-ún ti di méje lórí ìwé, ó ti lé ní mẹ́jọ ní ojú ayé. Láti ọdún 1965 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ní ẹ̀ka ìmọ̀ nọ́ọ̀sì. Ìṣirò yìí kì í ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni tó jókòó sí ọ́fíìsì.

Àmọ́ èyí tó ń dùn mí jù ni ti àwọn ilé ẹ̀kọ́ ọlọ́dún mẹ́ta, tí wọ́n ń sọ di kọ́lẹ́ẹ̀jì ND àti HND ọlọ́dún mẹ́rin báyìí. Àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí máa ń sọ iye akẹ́kọ̀ọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan lè gbà lọ́dún. N kò bá àjọ jà lórí èyí. Ta ló fẹ́ kí ẹni tí kò fọwọ́ kan aláìsàn rí wá máa gún òun lábẹ́rẹ́? Akẹ́kọ̀ọ́ tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí lọ́dọ̀ àjọ, ìyẹn ohun tí àwọn ọmọ ń pè ní indexing, kò lè jókòó ṣe ìdánwò ìwé àṣẹ. Òfin tó dára ni. Àmọ́ ká ní àádọ́ta ọmọ ni wọ́n fún ilé ẹ̀kọ́ kan láṣẹ láti gbà, tó wá gba ọgọ́fà, tó gba owó lọ́wọ́ gbogbo wọn, kí ni a máa pe ìyẹn?

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wà nínú irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Ó yege nínú ìdánwò oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, wọ́n sì dé e ní fìlà. Nígbà tó yá, wọ́n ní orúkọ ti kún, kó dúró de ọ̀wọ́ tó ń bọ̀. Ó dúró, ó sì tún san owó ilé ẹ̀kọ́ ní gbogbo àkókò tó fi ń dúró. Lọ́dún kejì, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n tún sọ. Èmi tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe iṣẹ́ ìròyìn lọ bá wọn, mo ní kí wọ́n fi lẹ́tà tí àjọ fi sọ iye ọmọ tí wọ́n lè gbà hàn mí. Ọ̀gá tó dá mi lóhùn ní, “Ẹ ní sùúrù, ẹ̀gbọ́n, gbogbo wọn ló máa débẹ̀.” Mo bi í pé nígbà wo. Ó ní kí wọ́n gbé ohun mímu tútù wá fún mi. N kò mu ún.

Àwọn kan á ní bí a bá sọ iye ọdún gidi, ẹ̀rù á ba àwọn ọmọ, nọ́ọ̀sì á sì tún wọ́n sí i. Ṣé ẹni tí a tàn wọlé ni yóò dúró tì wá? Ní oṣù Kejì ọdún 2024, àjọ yìí kan náà kéde pé nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ ti ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì lẹ́yìn tó gba ìwé àṣẹ kí àwọn tó jẹ́rìí sí ìwé rẹ̀ fún orílẹ̀-èdè mìíràn. Àwọn nọ́ọ̀sì fi ẹ̀hónú hàn l'Ábùjá àti l'Ékòó. Bóyá ó tọ́ tàbí kò tọ́, ọjọ́ mìíràn ni mo máa já ìyẹn. Ohun tí mo rí dì mú níbẹ̀ ni pé àjọ mọ ọdún kà. Wọ́n mọ̀ ọ́n kà fún ẹni tó fẹ́ lọ. Ẹ ní kí wọ́n kà á fún ẹni tó fẹ́ wọlé pẹ̀lú.

Kí àjọ kọ iye ọmọ tí wọ́n fọwọ́ sí fún ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan sí gbangba lọ́dọọdún, kí ó sì hàn nínú lẹ́tà ìgbaniwọlé, pẹ̀lú iye àwọn tó wọlé lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn àti iye àwọn tó ti gba ìwé àṣẹ nínú wọn. Èyí tó bá gbà ju iye rẹ̀ lọ, kó dá owó padà, kó má sọ fún ọmọ pé kó dúró. Títí dìgbà náà, ẹ̀yin òbí, ẹ bèèrè lẹ́tà yẹn kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Ilé ẹ̀kọ́ tí kò bá fi hàn yín, ẹ gbé ọmọ yín kúrò níbẹ̀.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti pé ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún. Ó ti wọ aṣọ funfun fún ọdún mẹ́rin, kò sì tíì ṣe ìdánwò àjọ. Nígbà tí aládùúgbò wọn bi bàbá rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá bóyá òun náà lè fi ọmọ tirẹ̀ síbẹ̀, mo gbọ́ tó ń dáhùn pé ọdún mẹ́ta ni.