Ẹ má fi ọ̀rọ̀ orí dá ọmọ lágara

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀ kí n bá àwa òbí Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù sọ̀rọ̀ lórí ìbànújẹ́ ọkàn tó ń bá àwọn ọmọ wa tí kò tíì pé ogún ọdún jà.

Bí ọmọ bá fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì nínú ìdánwò JAMB, tí kò jẹun mọ́, tí kò fẹ́ rí èèyàn, a ó ní orí rẹ̀ ni kò gbè é, tàbí pé ayé ló ń bá a jà. A rò pé à ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún ni. Ohun tí ọmọ gbọ́ ni pé kò sí nǹkan kan tó lè ṣe sí i.

Ní 1966, Julian Rotter, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, ṣàlàyé pé àwọn kan gbà pé ọwọ́ ara wọn ni ayé wọn wà, àwọn mìíràn gbà pé ọwọ́ kádàrá tàbí ọwọ́ àwọn alágbára ni. Ìwádìí láti ìgbà náà fi hàn pé àwọn ọ̀dọ́ tó gba ti ìkejì yìí ni ìbànújẹ́ ọkàn sábà máa ń mú jù. Kò ṣàjèjì sí wa. Àwọn baba wa mọ àyànmọ́, wọ́n sì mọ àfọwọ́fà.

Àmọ́ ká má tún wá máa pe ọmọ ní olódo o! Ní oṣù karùn-ún 2025, àjọ JAMB fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ àṣìṣe, ó ní kí ọmọ 379,997 tún ìdánwò ṣe, ní Èkó àti ìpínlẹ̀ márùn-ún ilẹ̀ Ìbò. Òbí tó ti bú ọmọ kí òtítọ́ tó jáde ńkọ́? Ẹyin lohùn.

Èrò tèmi ni pé ká bá ọmọ ya ohun tó wà níkàáwọ́ rẹ̀ sọ́tọ̀. Kò lè tún ẹ̀rọ JAMB ṣe. Ó lè yan àkókò tí yóò fi kàwé àti iṣẹ́ ọwọ́ tó wù ú. Ẹ jẹ́ kó yàn án fúnra rẹ̀. Lóòótọ́, Yunifásítì Ọ̀ṣun ní ọgbà l'Ókukù, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọmọ ló gbọ́dọ̀ gba ibẹ̀ kọjá.

Bí ìbànújẹ́ náà bá ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, ẹ gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn. Bó bá dárúkọ ikú, ẹ má dúró di ọ̀la, ẹ má sì fi òun nìkan sílẹ̀. Àdúrà kò ní ká má lọ rí dókítà.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òbí kan, Ìnísà.