Èéfín Warri: Ta Ló Ń Gba Ti Òṣìṣẹ́ Ìta Gbangba Rò?

Ní November 14, 2005, Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ ní ìlú Benin dájọ́ pé gáàsì tí wọ́n ń sun ní Iwherekan, ní Ìpínlẹ̀ Delta, tẹ ẹ̀tọ́ àwọn ará ibẹ̀ láti wà láàyè lójú. Jonah Gbemre, ọ̀kan lára wọn, ló pe àwọn iléeṣẹ́ epo Shell àti NNPC lẹ́jọ́. Síbẹ̀, iná gáàsì ò kú ní Delta, níbi tí Warri wà.

Èéfín iná náà, pẹ̀lú tàwọn tó ń fọ epo rọ̀bì lábẹ́lẹ̀, ni awakọ̀ kẹ̀kẹ́, agbálẹ̀ títì àtàwọn obìnrin tó ń sá ẹ̀gẹ́ sítòsí iná gáàsì ń fà símú. Wọ́n ní ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Ní Warri, agbálẹ̀ ló ń tọ̀.

Áńkáṣíìfù ò lè dá èéfín kíkúnná dúró. Ìbòmú N95 ló lè ṣe é. Kí agbanisíṣẹ́ pèsè rẹ̀, kí wọ́n sì dín wákàtí iṣẹ́ kù lọ́jọ́ tí èéfín bá pọ̀. Ẹni tí kò ní ọ̀gá ńkọ́? Ìjọba ìpínlẹ̀ ni ká bi.