Ààbọ̀ Kọ́bọ̀ Àjàyí

Ní àkókò àjọ̀dún ilé-ẹ̀kọ́ wa yìí, ọ̀pọ̀ ìmọ̀ràn ni a ó gba ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ nípa ìpinnu ńláńlá: iṣẹ́ tí ẹ ó ṣe, yunifásítì tí ẹ ó lọ, ẹni tí ẹ ó fẹ́. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ìpinnu kéékèèké tí ẹnikẹ́ni kì í kíyè sí ni ó sábà máa ń tukọ̀ ayé ẹni.

Ẹ wo Samuel Àjàyí Crowther. Òun kọ́ ni ó yàn pé kí ogun kó Òṣoògùn, ìlú rẹ̀, ní 1821. Òun kọ́ ni ó yàn pé kí a tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi wọ ọkọ̀ ẹrú. Òun kọ́ ni ó ránṣẹ́ pe ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí ó gbà wọ́n sílẹ̀ ní 1822, tí a sì fi kó wọn lọ sí Sàró. Ẹlòmíràn ni ó ń pinnu fún un.

Ṣùgbọ́n àwọn tí ó kọ ìtàn rẹ̀ sọ pé ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ó lọ sí ilé-ìwé ní Sàró, bí wọ́n ti jáde ni ó sáré lọ tọrọ ààbọ̀ kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ọmọ ìlú rẹ̀ kan, ó sì fi ra páálí ABD tirẹ̀. Owó tí ọmọ mìíràn ìbá fi ra ìpanu ni. Láàrin oṣù mẹ́fà, ó ti ń ka Májẹ̀mú Titun. Ní 1827, ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní Fourah Bay. Ní 1864, ó di bíṣọ́ọ̀bù. Bíbélì Yorùbá tí à ń kà lónìí, ọwọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀.

Ẹnìkan lè wí pé Ọlọ́run ti yàn án, ìbáà ra páálí, ìbáà má rà á. Èmi kò jiyàn oore-ọ̀fẹ́. Ṣùgbọ́n bí oore-ọ̀fẹ́ bá ṣí ilẹ̀kùn, ẹsẹ̀ ara ẹni ni a fi ń wọlé.

Ìdí nìyí tí ó fi ń dùn mí nígbà tí òbí bá ń wí pé, “Ìdánwò kan péré ni, ẹ jẹ́ kí wọ́n ràn án lọ́wọ́.” Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ọmọ tí ó wo ìwé ẹnìkejì rẹ̀ lónìí ti ń kọ́ irú dókítà tàbí adájọ́ tí yóò dà lọ́la. Àwa àgbà tí a sì ń sanwó kí ọmọ lè rí ìdáhùn gbà, àwa gan-an ni a ń já ààbọ̀ kọ́bọ̀ náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ wa, nígbà tí agogo ìkàwé bá lù lálẹ́ òní, ẹ rántí Àjàyí, kí ẹ sì ṣí ìwé yín. Kí Olúwa bù kún ìpinnu kékeré náà. Àmín.