Ajax 1995: Ẹ Má Yọ Finidi àti Kanu Kúrò Nínú Ìtàn

Nínú sáà Champions League ti 1994 sí 1995, Ajax ìlú Amsterdam gba ife láì fìdí rẹmi nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ṣoṣo. Nígbà náà, ẹni tó bá ṣe ipò kẹrin nílé kò bá ẹnikẹ́ni du ife yìí. Ẹgbẹ́ tó gba líìgì ló ń lọ. Àjèjì mẹ́ta péré ni ikọ̀ kan sì lè lò, pẹ̀lú méjì míì tó ti pẹ́ níbẹ̀ débi tí wọ́n ń kà wọ́n kún ọmọ onílẹ̀. Òfin yìí ló mú Manchester United fi Peter Schmeichel, aṣọ́lé wọn, sílẹ̀ nígbà tí wọ́n lọ bá Barcelona. Barcelona nà wọ́n ní ayò 4 sí òdo.

Òfin yìí gan-an làwọn tó ń ròyìn Ajax máa ń fò. Wọ́n á ní iléèwé bọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ náà ló bí gbogbo rẹ̀. Àbọ̀ òótọ́ nìyẹn. Nínú àyè mẹ́ta yẹn, Louis van Gaal, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, fún Jari Litmanen ọmọ Finland ní ọ̀kan, ó sì kó méjì fún ọmọ Nàìjíríà: Finidi George lápá ọ̀tún, àti Nwankwo Kanu, tó ti Iwuanyanwu Nationale ní Owerri lọ. Kò sẹ́ni tó ń fi irú àyè bẹ́ẹ̀ ṣe sàráà!

Ajax na Milan lẹ́ẹ̀mejì ní ìpele ẹlẹ́gbẹẹgbẹ́, 2 sí òdo nígbà méjèèjì. Wọ́n fi Hajduk Split sẹ́yìn, wọ́n sì gbá ọ̀mì aláìláyò pẹ̀lú Bayern ní Munich. Nígbà tí Bayern wá sí Amsterdam, tí wọ́n sì dá góòlù kan padà, Finidi ló tún gbé Ajax síwájú kí wọ́n tó sinmi ìlàjì. 5 sí 2 ló parí sí.

Àṣekágbá wáyé ní Vienna ní ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún, Milan náà ni wọ́n tún bá pàdé. Kanu rọ́pò Clarence Seedorf. Lẹ́yìn náà Patrick Kluivert rọ́pò Litmanen. Ọmọ ọdún 18 làwọn méjèèjì tó wọlé. Ní ìṣẹ́jú 85, Frank Rijkaard, tó ti fi ọdún márùn-ún gbá bọ́ọ̀lù fún Milan, ta bọ́ọ̀lù sí Kluivert, òun náà sì fi ṣóńṣó bàtà tì í kọjá lára Sebastiano Rossi, aṣọ́lé Milan. Litmanen ti jáde. Àjèjì méjì tó kù nínú aṣọ Ajax lórí pápá ni Finidi àti Kanu. Ta ló wá lè ka orúkọ àwọn tó gba ife náà kó fo tiwọn?

Ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn, ìdájọ́ ilé ẹjọ́ Yúróòpù lórí ẹjọ́ Bosman fòpin sí òfin àjèjì fáwọn ọmọ orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù, àwọn ẹgbẹ́ olówó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọmọ Ajax lọ. Ní 1996, lẹ́yìn tí Juventus borí wọn nínú àṣekágbá pẹ̀lú pẹnáritì ní Rome, Finidi kọjá sí Real Betis, Kanu sì lọ sí Inter.